Ajá Tí Ó Yẹ Ilé Ọlọ́mọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ ní ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa

  

Nígbà tí àwọn olóyè ẹgbẹ́ bẹ̀ wá pé kí á wá bá ìpàdé yìí sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ọ̀rọ̀ ilé-ìwé tàbí ọ̀rọ̀ ọ̀nà ọkọ̀ ni a óò mú wá. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ajá ni, àwọn kan rẹ́rìn-ín. A kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí kò tíì rí ọmọ tí ó wọ kíláàsì wá pẹ̀lú àpá eyín ajá ní ojúgun rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ajá àjèjì ni ó gé ọmọ náà jẹ. Ajá inú ilé ni, tàbí ajá aládùúgbò, ajá tí àgbàlagbà kan fi owó rà wálé pé kí ó máa ṣọ́ ẹbí òun. Ìdí nìyí tí a fi rò pé ọ̀rọ̀ náà tó ohun tí à á fi àkókò ìlú sọ. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: irú ajá wo ni ó yẹ ilé tí ọmọdé wà?

Ajá kì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọdẹ kò lè ṣe aláìní í. Òun ni ó ń fi imú tọ ipasẹ̀ ẹran, tí ó ń lé e jáde nínú igbó, tí ó sì ń gbó kí olówó rẹ̀ lè mọ ibi tí ó wà. Àwọn tí ń bọ Ògún mọ ipò tí ajá wà lọ́dọ̀ òrìṣà náà. Àwọn àgbà a sì máa fi orúkọ ajá pa òwe fún aládùúgbò: bí a bá gbọ́ tí ẹnìkan ń pe ajá rẹ̀ ní Tanímọ̀la, a mọ̀ pé kì í ṣe ajá nìkan ni ó ń bá wí. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí á ṣàkíyèsí nínú ìṣe àwọn baba wa. Wọn kì í kọ́kọ́ wo àwọ̀ ajá tàbí gíga rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe ni wọ́n ń wò, wọn a sì wo ìyá tí ó bí i. Ọmọ ajá tí ìyá rẹ̀ mọ ọdẹ ṣe ni ọdẹ máa ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Lóde òní, iṣẹ́ náà ti yí padà, àwọn àgbà sì ní ajá ìwòyí ni í mọ ehoro ìwòyí lé. Ilé wa ti di ilé olódi àti géètì, ẹ̀rù olè sì ń bà wá. Àwọn ọmọ wa tí ń bẹ lẹ́hìn odi a máa fi owó ránṣẹ́ pé kí á ra ajá òyìnbó ńlá sí ojúde Bàbá. Ìfẹ́ ni ó ń mú wọn ṣe é, a kò sì bú wọn. Ṣùgbọ́n nínú ilé Bàbá yẹn náà ni àwọn ọmọ-ọmọ ti ń sáré kiri, tí ọmọ aládùúgbò ń wọlé wá bu omi, tí oníkiri ọjà sì ń kan ilẹ̀kùn. Bí ajá náà kò bá mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ọmọ tí ó wá bu omi, ta ni a óò dá lẹ́bi? Ajá ni, tàbí ẹni tí ó yàn án?

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó yẹ kí á wo ilé dáradára kí á tó mú ajá wọ inú rẹ̀. Ohun mẹ́rin ni kí á bi ara wa.

Èkíní ni pé, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀? Ajá a máa gbé tó ọdún 10 sí 13 láyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀mí àwọn tí ó tóbi gan-an kì í sábà gùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 8 tí ń sunkún lónìí pé òun fẹ́ ajá, ó lè ti wọ yunifásítì kí ajá náà tó darúgbó. Nítorí náà, àgbàlagbà ni kí ó gba ẹrù náà. Ọmọdé lè bu omi fún un, ó lè bá a ṣeré, ṣùgbọ́n kí á má ṣe fi ẹ̀mí ajá lé ọmọdé nìkan lọ́wọ́.

Èkejì ni ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kò mọ̀ pé ìrù kì í ṣe okùn tí à ń fà. Ajá ńlá lè fi ìdùnnú lásán tì í ṣubú, láìní èrò ibi kankan lọ́kàn. Ajá tín-ín-rín pẹ̀lú sì lè farapa lọ́wọ́ ọmọ náà, kí ó wá fi eyín gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ilé tí ọmọ ọwọ́ wà, tí ìyá kò sì rí ìsinmi, lè sún ọ̀rọ̀ ajá síwájú di ọdún díẹ̀; ìyẹn kì í ṣe àbùkù.

Ẹ̀kẹta ni àyè. Ajá tí a dá láti máa sáré lórí pápá láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí a wá tì mọ́ inú ilé onírin kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, inú rẹ̀ yóò bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ajá tí a ń pè ní òǹrorò, àhámọ́ ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni owó. Iye tí a rà á kọ́ ni gbogbo owó rẹ̀. Oúnjẹ ojoojúmọ́ wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà níbẹ̀, oògùn aràn àti oògùn eégbọn wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá lè bọ́ ajá ńlá, kí ó mú kékeré. Ẹni tí kò bá sì lè bọ́ kékeré, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ tí ó dára sí ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ó wá kù kí á wo àwọn ẹ̀yà ajá tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa, kí á sì mọ iṣẹ́ tí a dá olúkúlùkù fún.

Ajá ìbílẹ̀ tiwa ni a óò fi ṣáájú, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Bíńgò láìbéèrè orúkọ rẹ̀. Irun rẹ̀ kúrú, ara rẹ̀ fúyẹ́, oúnjẹ rẹ̀ kò pọ̀, ooru ilẹ̀ wa kò sì ni í lára. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ajá ìbílẹ̀ Nàìjíríà, wọ́n sì fi hàn pé àwọn ohun kan wà nínú àjogúnbá rẹ̀ tí ó jọ pé ó ń ràn án lọ́wọ́ láti dojú kọ àwọn kòkòrò àrùn ilẹ̀ olóoru. Ajá kan láti ilẹ̀ Kóńgò, tí ó fara jọ tiwa púpọ̀, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Basenji, ni wọ́n kó lọ sí Ìlú Ọba ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n sì fi ń ṣe ọ̀sìn tí wọ́n ń tà lówó iyebíye títí di òní. Èyí tí àwa ń sọ òkò lù lójú pópó, ẹlòmíràn ń na owó lórí irú rẹ̀. Bí a bá mú ọmọ ajá ìbílẹ̀ láti kékeré, tí a tọ́ ọ dáradára, tí a sì gún un ní abẹ́rẹ́, a kò mọ èyí tí ó rọrùn fún agbo ilé tiwa jù ú lọ. Yóò gbó bí àlejò bá dé, ìyẹn gan-an sì ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ṣíṣọ́ ilé.

Ajá Alsatian ni ó tẹ̀lé e ní òkìkí. Jámánì ni ilé rẹ̀. Ní ọdún 1899, ọ̀gágun kan tí à ń pè ní Max von Stephanitz bẹ̀rẹ̀ sí tò ìran rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ fún dída àgùntàn. Orúkọ Alsatian yìí, àwọn ará Ìlú Ọba ni ó fún un nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nítorí pé wọn kò fẹ́ dárúkọ Jámánì. Ọdún 1977 ni ẹgbẹ́ àwọn alájá wọn tó dá orúkọ olùṣọ́-àgùntàn ilẹ̀ Jámánì padà fún un. Ó gbọ́n, ó sì ń tètè kọ́ ẹ̀kọ́, ìdí nìyí tí ọlọ́pàá fi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ajá tí ó gbọ́n kì í fẹ́ jókòó lásán. Ilé tí ó bá ní àgbàlagbà tí yóò máa kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ojoojúmọ́, tí yóò sì máa mú un rìn, lè gbà á. Ilé tí kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó fi í sílẹ̀.

Rottweiler pẹ̀lú, ọmọ Jámánì ni, láti ìlú Rottweil, níbi tí ó ti ń da màlúù fún àwọn alápatà, tí ó sì ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù wọn. Boerboel wá láti Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń lò ó láti dáàbò bo oko tí ó jìnnà sí aládùúgbò. Akọ rẹ̀ lè wọ̀n ju 70 kílógíráàmù lọ, èyí tí ó ju ìwọ̀n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà nínú wa lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní Caucasian sì wá láti àwọn òkè ńlá Caucasus, níbi tí yìnyín ti ń bọ́, tí ó ti ń ṣọ́ àgùntàn lọ́wọ́ ìkookò. Ẹ wo irun rẹ̀ bí ó ti ki, kí ẹ sì ro oòrùn oṣù Kejì ní ìlú wa. Àwọn ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kì í ṣe ajá burúkú. Olóòótọ́ ni wọ́n sí olówó wọn. Ṣùgbọ́n agbára wọn pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àṣìṣe kan ṣoṣo lè gba ẹ̀mí ọmọ. A kò lè gba ilé tí ọmọ kéékèèké pọ̀ sí ní ìmọ̀ràn pé kí ó fi wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Labrador ni ó yàtọ̀. Erékùṣù Newfoundland ní Kánádà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, níbi tí ó ti ń bá àwọn apẹja fa àwọ̀n, tí ó sì ń gbé ẹja tí ó bọ́ lọ́wọ́ wọn padà wá. Ní Ìlú Ọba ni wọ́n ti tún un ṣe, òun sì ni ọ̀pọ̀ nínú ajá tí ń fi ọ̀nà han afọ́jú. Ajá tí a dá láti rọra gbé ẹyẹ láìfi eyín ya á, ẹnu rẹ̀ a máa rọ̀. Ó yẹ ilé ọlọ́mọ gan-an, bí owó oúnjẹ bá wà tí àyè eré sì wà. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn oúnjẹ púpọ̀, ó sì ń tètè sanra.

Lhasa Apso, ajá kékeré onírun gígùn láti ilẹ̀ Tibet, ti wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú ńlá wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ó ti kéré ni ó fi yẹ ọmọdé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùṣọ́ inú ilé ni wọ́n fi í ṣe ní ilẹ̀ rẹ̀, kì í sì í fẹ́ kí á máa fà á síhìn-ín sọ́hùn-ún. Irun rẹ̀ ń fẹ́ òòyà lójoojúmọ́. Ó dára fún ilé tí àwọn ọmọ ti dàgbà díẹ̀, tí wọ́n sì ní sùúrù.

Ẹ̀yin ará, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ẹ̀yà ni òpin ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí tí wọ́n ṣe lórí ajá tí ó ju 18,000 lọ jáde. Wọ́n rí i pé nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ìwà ajá kan àti òmíràn, ìdá 9 péré nínú ìdá 100 ni ẹ̀yà lè sọ ìdí rẹ̀. Àwọn ohun tí ó kù wà nínú ìran ajá náà fúnra rẹ̀ àti nínú bí a ti tọ́ ọ. Ohun tí ẹ̀yà fi hàn wá dájú ni ìwọ̀n ara ajá àti agbára eyín rẹ̀. Ìwà rẹ̀, àfi kí á lọ wò ó. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mú ọmọ ajá, kí á lọ sí ibi tí ìyá rẹ̀ wà. Bí ìyá bá ń sá fún ènìyàn tàbí tí ó ń fẹ́ géni jẹ, kí á kúrò níbẹ̀. Kí á má ṣe mú ọmọ ajá tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, nítorí pé ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ni ó ti ń kọ́ pé kí òun má fi eyín ṣeré ju bí ó ti yẹ lọ. Láti ọ̀sẹ̀ 3 sí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14 ni ọkàn ọmọ ajá ṣí sílẹ̀ jù. Àwọn ènìyàn, ohùn àti ìró tí ó bá mọ̀ nígbà náà kì í dẹ́rù bà á mọ́ lẹ́hìn ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí ó rí ọmọdé, arúgbó, alùpùpù àti ìlù. Ajá tí ẹ̀rù ń bà ni ó ń géni jẹ jù.

Ọmọ náà pẹ̀lú ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ọmọ tí a kò sì kọ́ bí a ti ń bá ajá gbé lè pàdánù ojú tàbí ètè rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ẹ kọ́ wọn pé a kì í fọwọ́ kan ajá tí ń jẹun, èyí tí ń sùn, àti èyí tí ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹ kọ́ wọn pé bí ajá tí wọn kò mọ̀ bá sún mọ́ wọn, kí wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí igi, kí wọ́n má sáré, kí wọ́n má sì tẹjú mọ́ ọn. Ẹ kọ́ wọn pé ajá tí ó yí orí padà, tí ó ká ìrù sábẹ́, tàbí tí ara rẹ̀ le gbandi, ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí pẹ̀lú, ẹ má ṣe fi ọmọ kékeré àti ajá sílẹ̀ níbi kan náà láìsí àgbàlagbà, ì báà jẹ́ ajá tí ó jẹ́ onínúure jù lọ ní ayé. Àṣà àtijọ́ tí a fi ń jẹ́ kí ajá lá ìdí ọmọ tí ó yàgbẹ́, ó yẹ kí ó kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹyin aràn inú ìgbẹ́ ajá lè wọ ara ọmọ tí ń fi ọwọ́ ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀, ó sì lè ba ojú rẹ̀ jẹ́.

A ti dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbé le jù, èyíinì ni àrùn dìgbòlugi. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dún kan, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà. Ajá ni ó ń kó o ran ènìyàn nínú nǹkan bí ìdá 99 nínú ìdá 100 rẹ̀. Nínú àwọn tí ajá tí a fura sí ń gé jẹ, nǹkan bí ìdá 40 nínú ìdá 100 jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Nígbà tí àmì àrùn náà bá ti hàn lára ènìyàn, ìwòsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó hàn, ààbò wà. Láti ọjọ́ 6 oṣù Keje ọdún 1885, tí Louis Pasteur bẹ̀rẹ̀ sí gún Joseph Meister, ọmọ ọdún 9, ní abẹ́rẹ́ ní ìlú Paris, tí ọmọ náà sì yè, ayé ti mọ̀ pé a lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ajá bá gé ọmọ jẹ, ì báà jẹ́ ajá wa, kí á fi omi tí ń ṣàn àti ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko, kí á sì gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́. Kí á má ṣe fi epo, ata, tàbí irun ajá jíjó dí ojú ọgbẹ́. Kí á má ṣe dúró wò ó pé bóyá kò ní í ṣe nǹkan kan, nítorí pé àrùn náà a máa fara pamọ́ fún oṣù 2 tàbí 3, nígbà mìíràn títí di ọdún kan, kí ó tó yọjú. Kí ẹ sì kọ́ àwọn ọmọ pé wọn kò ní í jẹ ìyà bí wọ́n bá wá sọ pé ajá gé àwọn jẹ. Ọmọ tí ń bẹ̀rù pàṣán a máa fi ọgbẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ń bẹ lẹ́hìn odi, ọ̀rọ̀ tiyín kò pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba mọ̀ pé òfin ajá ibẹ̀ kì í ṣe eré. Òfin ọdún 1991 ka ẹ̀yà mẹ́rin léèwọ̀. Wọ́n sì fi èyí tí wọ́n ń pè ní XL Bully kún un, tí ó fi jẹ́ pé láti ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2024, ẹni tí kò bá ní ìwé àṣẹ kò gbọ́dọ̀ ní in ní England àti Wales. Bí ajá bá ṣe ènìyàn léṣe nínú ilé olówó rẹ̀ pàápàá, ẹjọ́ lè dé. Ẹ wádìí kí ẹ tó rà. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi owó ajá ránṣẹ́ sílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Ìyá bóyá òun fẹ́ ẹ, ta ni yóò bọ́ ọ, àti ọmọ mélòó ni ó wà nínú ilé. Kí ẹ sì rán owó abẹ́rẹ́ pọ̀ mọ́ owó ajá.

Níkẹyìn, a fi àbá kan síwájú ẹgbẹ́ wa. Ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ni ayé yà sọ́tọ̀ fún ìgbógunti àrùn dìgbòlugi, nítorí pé ọjọ́ náà ni Pasteur kú ní ọdún 1895. Kí ẹgbẹ́ wa pe dókítà ẹran wá sí ìlú ní ọjọ́ náà lọ́dọọdún, kí gbogbo ajá ìlú, ajá olówó àti ajá tálákà, gba abẹ́rẹ́. Àwọn onímọ̀ sọ pé bí ìdá 70 nínú ìdá 100 ajá ibì kan bá ti gba abẹ́rẹ́, àrùn náà kò ní í rí ọ̀nà gbà tàn kálẹ̀ níbẹ̀ mọ́. Owó tí yóò ná wa kò tó owó aṣọ ẹgbẹ́ ọdún kan. Àwa olùkọ́ yóò kó àwọn ọmọ ilé-ìwé jáde láti kéde rẹ̀ láti àdúgbò dé àdúgbò.

Kí Olódùmarè bá wa dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì jẹ́ kí ohun tí a mú wọlé fún ààbò má di ohun tí yóò pa wá lẹ́kún.